Àtẹ ni ojú kọ̀ǹpútà, kì í ṣe àká

Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́, lójú ọ̀nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ń gbà lọ gbà bọ̀. A ń tẹ prọ́jẹ́ẹ̀tì, a ń ṣe fọ́tòkópì, a ń bá èèyàn yẹ èsì WAEC wò, a ń tẹ síìpù NIN jáde, a sì ń kọ CV fún ẹni tó ń wáṣẹ́. Wíwá fáìlì ló ń jẹ wá lákòókò ju gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí lọ. Oníbàárà á dúró ti àga, ọmọ kọ́ṣẹ́ á máa gbójú kiri skíríìnì, á ní, "Àǹtí, mo sáà gbé e síbí." Ó gbé e síbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àìmọye nǹkan mìíràn ló ti bá a níbẹ̀.

Nítorí èyí ni mo ṣe fi òfin kan lélẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi: àtẹ ni ojú kọ̀ǹpútà (Desktop), kì í ṣe àká. Iṣẹ́ òní ló ń wà lórí àtẹ, ibi tí a bá sì gbé e sí lórí àtẹ gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ohun tó kù kí a ṣe sí i. Ẹni tó bá ti gba èyí, ìyókù di ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì. Windows 10 àti 11 ni mo ní lọ́kàn, torí àwọn ló wà lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ mi, ọ̀nà méjèèjì ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra lórí ọ̀rọ̀ áíkọ́ọ̀nù, ìyẹn àwòrán kékeré tó ń dúró fún fáìlì, fódà tàbí ètò.

Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀rọ ná

Ẹ wá ibi tó ṣófo lójú kọ̀ǹpútà, níbi tí áíkọ́ọ̀nù kankan ò sí, kí ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ ibẹ̀. Mẹ́nù kan á ṣí. Ẹ gbé máòsì sórí View, ẹ óò rí Auto arrange icons àti Align icons to grid. Bí àmì bá wà níwájú Auto arrange icons, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí àmì náà kúrò.

Òun ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín èèyàn àti kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹ óò wọ́ áíkọ́ọ̀nù lọ sápá ọ̀tún, ẹ óò fi í sílẹ̀ níbẹ̀, á sáré padà sínú ìlà lápá òsì. Ẹ wọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, á tún sá padà. Àwọn kan á ní máòsì ti bàjẹ́, àwọn mìíràn á ní fáírọ́ọ̀sì ni. Auto arrange ti pàṣẹ pé kí gbogbo áíkọ́ọ̀nù máa tò láti igun òsì lókè wá sísàlẹ̀, kí ìlà kan kún kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀, kí àlàfo má sì sí láàárín wọn. Níwọ̀n ìgbà tí àṣẹ yẹn bá ṣì wà, ẹ ò lè fi ohunkóhun síbi tó wù yín.

Align icons to grid ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí àmì wà níwájú rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n pín ojú kọ̀ǹpútà sí yàrá yàrá tí ojú ò rí. Ibi tó wù kí ẹ ju áíkọ́ọ̀nù sí, yàrá tó sún mọ́ ọn jù ni yóò wọ̀. Láìsí i, áíkọ́ọ̀nù á máa gun ara wọn lórí, orúkọ ọ̀kan á bo ti èkejì. Bọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tiwa, tó máa ń ṣe ìwé ìpè ìnáwó, pa méjèèjì, torí ó fẹ́ kí àwọn áíkọ́ọ̀nù rẹ̀ yí fọ́tò ìyá rẹ̀ ká bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó wù ú bẹ́ẹ̀. Ẹni tí oníbàárà ò tíì dúró tì lórí lè fara da irú rẹ̀.

Nínú mẹ́nù kan náà ni Sort by wà, pẹ̀lú Name, Size, Item type àti Date modified lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún un. Bí ẹ bá tẹ ọ̀kankan nínú wọn, ìtò tí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe á túká lẹ́ẹ̀kan náà, kódà bí Auto arrange ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́. Ctrl pẹ̀lú Z tó máa ń dá fáìlì tí a ṣèèṣì pa padà kò lè dá ipò áíkọ́ọ̀nù padà. Èmi máa ń lo Sort by ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ nìkan, kí n tó fọwọ́ to nǹkan kan: mo máa ń mú Item type kí gbogbo Word lè para pọ̀, kí gbogbo PDF para pọ̀, kí àwòrán náà dúró lọ́tọ̀. Ìgbà yẹn ni ojú máa ń rí bí ẹrù ṣe pọ̀ tó. Lẹ́yìn ìyẹn, n kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ní ti títóbi áíkọ́ọ̀nù, ẹ di Ctrl mú kí ẹ yí táyà àárín máòsì síwájú tàbí sẹ́yìn. Ó tán. Àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì tí wọ́n ń wá bá wa ṣe ìwé owó ìfẹ̀yìntì fẹ́ràn kó tóbi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ kó kéré. Medium ni mo fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Ọfà kékeré tó wà ní igun

Wọ́n máa ń kì wá pé Ògbómọ̀ṣọ́ ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ. Ibi tó nípọn nìyí o. Ẹ jẹ́ ká jẹ ẹ́ tán kí a tó dórí ibi tó rọrùn.

Ẹ wo àwọn áíkọ́ọ̀nù tó wà níwájú yín dáadáa. Àwọn kan ní ọfà kékeré ní igun òsì nísàlẹ̀, àwọn mìíràn ò ní. Èyí tó ní ọfà, shortcut ni: ó kàn ń júwe ọ̀nà ibi tí fáìlì tàbí ètò gan-an wà ni. Èyí tí kò ní ọfà ni fáìlì fúnra rẹ̀, tàbí fódà fúnra rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í to nǹkan, kó ti mọ ìyàtọ̀ yìí, torí ibẹ̀ ni ẹkún ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wá láàárọ̀ ọjọ́ tó máa gbèjà prọ́jẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó ti wọṣọ dúdú àti funfun, ó na fláàṣì sí wa pé kí a tẹ ẹ̀dà mẹ́ta jáde. A ki fláàṣì bọ kọ̀ǹpútà, a rí orúkọ fáìlì, a tẹ̀ ẹ́, Windows ní òun ò rí ohun tó ń júwe. Shortcut ló ti dà sórí fláàṣì. Gbogbo ojú ewé prọ́jẹ́ẹ̀tì náà ṣì wà nínú láptọ́ọ̀pù ní ilé tó ń gbé ní Adéníkẹ̀ẹ́, ọ̀kadà ló sì gbé e sáré lọ mú un wá. Ká ní ó wo bí fáìlì náà ṣe wúwo tó kó tó jáde nílé ni, ì bá ti mọ̀: shortcut kì í sábà ju KB kan tàbí méjì lọ, iṣẹ́ tó ní àwòrán àti téébù kò lè kéré tó bẹ́ẹ̀.

Bí ọfà náà bá kéré jù fún ojú yín, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ áíkọ́ọ̀nù náà, kí ẹ tẹ Properties. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ Shortcut lókè níbẹ̀, tí Target sì wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ ti mọ ohun tó jẹ́. Open File Location tó wà nínú ibẹ̀ á mú yín lọ sílé fáìlì gan-an.

Ìròyìn ayọ̀ tó wà nínú ọ̀rọ̀ ọfà ni pé ẹ lè pa shortcut rẹ́ láì bẹ̀rù. Ètò tó ń júwe kò ní kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Gbogbo áíkọ́ọ̀nù géèmù, ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí a ti tà, ti ètò tí wọ́n fi ṣe àdánwò nígbà kan, ẹ kó wọn dà nù. Bí Windows bá ní kí ẹ gba àyè lọ́wọ́ alábòójútó kí ẹ tó pa ọ̀kan nínú wọn, ẹ má jáyà. Inú fódà Desktop ti gbogbogbò, tó wà lábẹ́ Users àti Public, ni irú rẹ̀ ń gbé, ó sì ń hàn sí gbogbo ẹni tó bá ní orúkọ lórí kọ̀ǹpútà náà. Bí ẹ bá pa á, ẹ ti pa á fún gbogbo ilé.

Èyí tí kò ní ọfà, ẹ rọra. Bí ẹ bá pa á, inú Recycle Bin ló ń lọ, ẹ sì lè fà á jáde. Bí ẹ bá di Shift mú nígbà tí ẹ tẹ Delete, kò ní yà síbẹ̀ rárá. Ohun tí ẹ bá sì pa lórí fláàṣì kì í dé Recycle Bin, ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ò mọ̀ nìyẹn títí tí wọ́n á fi dé iwájú wa.

Òfin kan tún wà nípa wíwọ́ nǹkan wá sójú kọ̀ǹpútà tó máa ń da èèyàn láàmú. Bí ẹ bá wọ́ fáìlì láti ibòmíràn lórí C, ìyẹn apá ibi ìpamọ́ tí Windows ń gbé, wá sójú kọ̀ǹpútà, ó ṣí kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn, torí orí C náà ni ojú kọ̀ǹpútà ń gbé. Bí ẹ bá wọ́ ọ láti orí D, ìyẹn apá ìpamọ́ kejì, tàbí orí fláàṣì, ẹ̀dà ló ń ṣe, ti àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀. Báyìí ni prọ́jẹ́ẹ̀tì kan ṣe máa ń di méjì, tí wọ́n á ṣàtúnṣe sí ọ̀kan, tí wọ́n á lọ tẹ èkejì jáde. Ẹ lè fi ọwọ́ kọ̀ ọ́: ẹ di Shift mú bí ẹ ṣe ń wọ́ ọ, á ṣí, ẹ di Ctrl mú, á ṣe ẹ̀dà, ẹ di Alt mú, shortcut ló máa bọ́ sílẹ̀. Alt yìí ni mo ń lò jù. Fáìlì á dúró sílé rẹ̀ lórí D, shortcut rẹ̀ nìkan ni yóò jókòó sórí àtẹ.

Ibi tí mo ń fi kálukú sí

Àwọn ètò bíi Word, Excel, CorelDRAW àti Chrome ò ní ibùjókòó lójú kọ̀ǹpútà wa mọ́. Mo ti kó wọn lọ sórí taskbar, ìlà gbọọrọ tó wà nísàlẹ̀ skíríìnì: bí ètò bá ṣí, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ àmì rẹ̀ nísàlẹ̀, kí ẹ mú Pin to taskbar. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tó bá wà lójú kọ̀ǹpútà, fèrèsé tí a bá ṣí máa bò ó mọ́lẹ̀. Taskbar kì í sá pamọ́. Ẹ tún lè tẹ Windows pẹ̀lú 1 láti ṣí àkọ́kọ́, Windows pẹ̀lú 2 láti ṣí ìkejì.

Ó wá ku iṣẹ́. Apá ọ̀tún ni mo fi ṣe ibùjókòó iṣẹ́ òní, láti òkè wá sísàlẹ̀. Iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, òkè pátápátá ló wà. Èyí tí a ti tẹ̀ tó ń dúró de kí oníbàárà kà á kó sì tọ́ka àṣìṣe, àárín. Èyí tó ti jáde nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ku owó, ìsàlẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ ló ń sọ̀ kalẹ̀. Tí mo bá wọlé látọjà, n kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè. Mo kàn máa tẹ Windows pẹ̀lú D kí gbogbo fèrèsé kúrò níwájú, mo sì ti rí ẹni tó jẹ wá lówó.

Kí ló dé tó fi jẹ́ apá ọ̀tún? Windows fúnra rẹ̀ fẹ́ràn apá òsì. Ohunkóhun tí ẹ bá fi pamọ́ sójú kọ̀ǹpútà láti inú Word tàbí láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, yàrá àkọ́kọ́ tó bá ṣófo láti igun òsì lókè ni yóò gbé e sí. Mo wá fi fódà tí kì í kúrò kún ìlà àkọ́kọ́ lápá òsì: ọ̀kan fún lẹ́tà tí a ti ní ẹ̀dà rẹ̀ nílẹ̀, ọ̀kan fún ìwé ìṣirò owó, ọ̀kan fún ohun tí a ya pẹ̀lú skánà. Ìlà kejì, mo fi í sílẹ̀ lófìfo. Nítorí náà, ohunkóhun tí mo bá rí ní ìlà kejì, àjèjì ni: ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e síbẹ̀, kò sì tíì sọ ibi tó ń lọ. Àwọn ọmọ kọ́ṣẹ́ mọ̀ pé tí mo bá bi wọ́n pé "ti ta nìyí?", ìlà kejì ni mo ń wò.

Àárín skíríìnì ṣófo gbalaja. Kò sí ìdí mìíràn ju pé ojú ń fẹ́ ìsinmi.

Recycle Bin, mo gbé e lọ sí igun ọ̀tún nísàlẹ̀ pátápátá, kí ó jìnnà sí ìlà òsì. Níbi tí Windows fi í sí tẹ́lẹ̀, lókè lápá òsì, ọwọ́ ọmọ kọ́ṣẹ́ kò ní pẹ́ já fódà sínú rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kó àwọn áíkọ́ọ̀nù bíi mélòó kan lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ tẹ ibi tó ṣófo, kí ẹ di máòsì mú, kí ẹ fa igun mẹ́rin yí wọn ká. Bí wọn ò bá sún mọ́ra, ẹ di Ctrl mú kí ẹ máa tẹ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ẹ wá wọ́ ọ̀kan, gbogbo wọn á tẹ̀ lé e.

Orúkọ fáìlì náà jẹ́ ara ìtò. Lábẹ́ áíkọ́ọ̀nù, ìlà méjì ni ẹ máa rí nínú orúkọ tó bá gùn, ìyókù á di tótó-tótó títí ẹ fi máa tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá wá sọ fáìlì rẹ̀ ní "Ìwádìí lórí ipa tí…", irú fáìlì mẹ́wàá bẹ́ẹ̀ á jọra wọn bí ẹyin. Orúkọ oníbàárà ni kó ṣáájú, lẹ́yìn náà ohun tó fẹ́. Ẹ tẹ F2 lórí áíkọ́ọ̀nù láti yí orúkọ padà. Windows kì í gba àmì bíi / tàbí : tàbí ? nínú orúkọ, nítorí náà ẹ ò lè kọ ọjọ́ bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ sórí rìsíìtì. 2025-11-03 ni kí ẹ kọ, ọdún ṣáájú, oṣù tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá wá to fódà náà pẹ̀lú Name lọ́jọ́ iwájú, àwọn fáìlì tó ní orúkọ oníbàárà àti iṣẹ́ kan náà á tẹ̀ léra wọn bí ọjọ́ wọn ṣe tẹ̀ léra. Ẹ sì bá mi sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé "Final", "Final final" àti "Final tòótọ́" kì í ṣe orúkọ. Kí wọ́n kọ 01, 02, 03.

Àwòrán ẹ̀yìn tó ń sọ̀rọ̀

Ọmọ tuntun máa ń gbàgbé èwo ni òkè, èwo ni àárín. Mo wá ya àwòrán ẹ̀yìn tó ní àpótí mẹ́ta lápá ọ̀tún, mo sì kọ WỌLÉ, Ń DÚRÓ, OWÓ sórí wọn. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwọ̀n skíríìnì yín: bọ́tìnnì ọ̀tún níbi tó ṣófo, Display settings, kí ẹ wo Display resolution. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́ jẹ́ 1366 × 768. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti to áíkọ́ọ̀nù yín tán, ẹ tẹ Windows pẹ̀lú PrtSc. Fọ́tò skíríìnì á wà nínú Pictures, lábẹ́ Screenshots. Ẹ gbé fọ́tò yẹn wọ inú CorelDRAW, lórí ojú ewé tó ní ìwọ̀n píksẹ́ẹ̀lì kan náà, kí ẹ fa àpótí yín yí ibi tí áíkọ́ọ̀nù wà ká, kí ẹ wá yọ fọ́tò ìsàlẹ̀ náà kúrò. Báyìí, àpótí kò ní pín áíkọ́ọ̀nù sí méjì. Ẹ fi àlàfo bíi 50 píksẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún taskbar. Àwọ̀ kan tó ṣókùnkùn ni kí ẹ lò fún gbogbo rẹ̀, nítorí lẹ́tà orúkọ áíkọ́ọ̀nù funfun ni, kì í hàn lórí òdòdó. Ẹ gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí PNG, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, ẹ mú Set as desktop background.

Ẹni tí kò ní CorelDRAW lè fi PowerPoint ṣe é.

Tí iná bá lọ tó da ìtò yín rú

Ẹnìkan á fi ọ̀sán kan to áíkọ́ọ̀nù, ní alẹ́ á tan kọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ á ti padà síbi tó wà lánàá. Ohun tó fà á ni pé Windows máa ń gbé ipò àwọn áíkọ́ọ̀nù sórí ní gbogbo ìgbà tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tí ẹ bá pa á bó ṣe yẹ, tàbí tí ẹ bá jáde pẹ̀lú Sign out, ló sábà máa ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní UPS (ẹ̀rọ tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́), bí iná bá já lójijì, kò ráyè kọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé níbi tí iná kì í ti í dágbére, ẹ fi kọ́ra: bí ẹ bá ti to nǹkan tán, ẹ tẹ Restart lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tó ní láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ṣì dára ti bọ́ nínú ìyẹn.

Ohun kejì tó ń tú ìtò ká ni projector. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ ohun tí mò ń sọ. Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n á so láptọ́ọ̀pù mọ́ projector, skíríìnì á sún kì láti bá ti projector mu, gbogbo áíkọ́ọ̀nù tó wà lápá ọ̀tún á rọ́ wá sápá òsì torí ilé wọn ò sí mọ́. Bí wọ́n bá yọ wáyà, wọn kì í sábà padà. Ẹ tẹ Windows pẹ̀lú P, kí ẹ mú Extend dípò Duplicate: láptọ́ọ̀pù á di ìwọ̀n tirẹ̀ mú, projector náà á di tirẹ̀ mú. Ẹni tó bá ń so ó léraléra, kó wá ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ DesktopOK. Ó máa ń fi ìtò pamọ́ lórúkọ, ẹ óò sì fi ìtẹ̀ kan dá a padà. Bí ẹ ò bá sì fẹ́ ètò mìíràn, fọ́tò skíríìnì tí ẹ yà lẹ́ẹ̀kan náà lè jẹ́ ẹ̀rí tí ẹ máa wò tún un tò.

Nígbà mìíràn, gbogbo rẹ̀ á pòórá pátápátá, àwòrán ẹ̀yìn nìkan ló máa kù. Kí ẹ tó ké pe ẹnikẹ́ni, ẹ padà sí View, kí ẹ wò bóyá àmì wà níwájú Show desktop icons. Ẹnìkan ti ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ ni. Bó bá jẹ́ This PC nìkan ni ẹ ò rí, bí ó ti máa ń rí lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Windows sí i, ẹ lọ sí Personalize, Themes, Desktop icon settings, ẹ máàkì ohun tí ẹ fẹ́. Bó bá sì jẹ́ pé fáìlì yín kò sí níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ pa OneDrive, ètò Microsoft tó ń tọ́jú fáìlì sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣí fódà OneDrive, ẹ wo fódà Desktop inú rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti kó wọn sí. GB 5 ni OneDrive ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, dátà yín ló sì fi ń gbé fáìlì lọ sókè, nítorí náà ẹni tó bá kó fídíò ìgbéyàwó sójú kọ̀ǹpútà mọ ohun tó ń jẹ dátà rẹ̀.

Kíkó àtẹ nílẹ̀ ní alẹ́

Àwọn kan máa ń sọ pé áíkọ́ọ̀nù tó pọ̀ ló ń mú kọ̀ǹpútà falẹ̀. Ẹ̀sùn yẹn pọ̀ jù. Shortcut kò wúwo tó nǹkan kan. C tó bá kún dẹ́nu ló ń mú un falẹ̀, ohun ńlá ńlá tí a kó sójú kọ̀ǹpútà sì wà lára ohun tó ń kún C. Ewu tó jù ni pé bí Windows bá bàjẹ́ tí oníṣẹ́ sì ní òun máa fọ́ọ̀mátì C, gbogbo ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà bá a lọ. D máa ń ṣẹ́ kù, bí ó bá jẹ́ pé C nìkan ni ó fọwọ́ kàn.

Nítorí náà, kí a tó ti ilẹ̀kùn, ohun tó bá wà nínú àpótí OWÓ tí wọ́n ti san, a máa ń gé e pẹ̀lú Ctrl àti X, a ó sì lẹ̀ ẹ́ sínú fódà oṣù náà lórí D pẹ̀lú Ctrl àti V. Àpótí WỌLÉ àti Ń DÚRÓ lè sùn mọ́jú. Ìlà kejì kò gbọ́dọ̀ sùn.

Síìpù NIN, èsì WAEC, àti fọ́tò pásípọ́ọ̀tù oníbàárà kì í dé D rárá. Ojú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ni gbogbo ayé ń wò. Ẹni tó jókòó láti tẹ CV lè rí nọ́ńbà NIN ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Láti ọdún 2023 ni òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti wà ní Nàìjíríà, ó sì kan àwa tí a ń gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn. Bí ó bá ti jáde nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ pa á rẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, ẹ wo inú Downloads torí ẹ̀dà sábà máa ń wà níbẹ̀, kí ẹ wá fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ Recycle Bin, kí ẹ mú Empty Recycle Bin. Lẹ́yìn náà, Shut down láti inú Start. Ọmọ tó bá na ọwọ́ sí bọ́tìnnì ara ògiri ṣáájú ìyẹn, òun ló máa tún gbogbo rẹ̀ tò láàárọ̀ ọ̀la.